Ọjọ́ Tí Ìyá Ràṣídì Gba Ṣọ́ọ̀kì

Ọmọdé ni mo ti ń kọ́ láti ìgbà tí mo ti dé ẹnu iṣẹ́ tíṣà, kí wọ́n tó ní kí n wá máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bi mí bóyá inú mi dùn. Ọmọdé, bó bá pariwo, wàá ní kó fi ìka sẹ́nu. Ta ló tó sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó lè bí i lọ́mọ?

Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ní Ẹdẹ níbí náà la ń lò. Bẹ́ǹṣì kéékèèké yẹn ni wọ́n ń jókòó lé, orúnkún àwọn bàbá sì ń kàn wọ́n lágbọ̀n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré, ó di wàhálà.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò àná ò ba nǹkan jẹ́ lọ́dọ̀ yín?"

Kí ìkíni tó tán, oòrùn ti ń wọ̀. Mo ń wo pátákó, mo ń mí kanlẹ̀.

Ìyá Ràṣídì wà lára wọn. Òun àti ọkọ rẹ̀, Làmídì, tó ń dáko lọ́nà Ara, ló jọ ń gun ọ̀kadà kan ṣoṣo wá. Ká sọ tòótọ́, ìyàwó mọ̀wé ju ọkọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùbẹ̀wò wá yẹ̀ wọ́n wò fún kíláàsì kejì, ọkọ ló kọ́kọ́ yege. Ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Tíṣà, bí wọ́n bá fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn bàbá yìí, n ò ní wá mọ́ o. Ẹnu rẹ̀ á lé mi jáde nílé."

Orúkọ gbogbo wọn wà lójú pátákó. Olùbẹ̀wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí, ń fi ìka tọ́ka sí wọn. Ìyá ka Sàlámì. Ó ka Àdùkẹ́ geere. Ni ìka bá bọ́ sórí Làmídì.

"Bàbá Ràṣídì," ló wí.

"Rárá, Màmá. Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo wò ó. Bàbá Ràṣídì ni."

"Lẹ́tà wo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Lí ni."

"Ó dáa. Kí wá ni gbogbo rẹ̀?"

"Bàbá Ràṣídì."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá fúnra rẹ̀ ti fi fìlà bo ẹnu. Olùbẹ̀wò mi orí, ó ní, "Tíṣà, màmá yìí ò tíì mọ̀ ọ́n kà." Ó gbé bíírò.

Èmi náà ti fẹ́ gbà pé ẹ̀rù ló bà á, àfi ìgbà tí mo tajú kán rí orúnkún rẹ̀. Ó ti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé omi fún ọkọ. Háà! Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ bàbá yẹn rí. Ṣé iwájú pátákó wa ni yóò ti wá bẹ̀rẹ̀? Èmi tí ìyá mi ń pe bàbá mi ní "Ẹ gbọ́ ná" títí dọ́la, ó yẹ kí n ti mọ̀.

Mo nu pátákó, mo na ṣọ́ọ̀kì sí i.

"Màmá, ẹ má pè é. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò gbàgbé àmì orí rẹ̀ kankan.

Ọkọ fò dìde. "Ìyá Ràṣídì! Orúkọ mi lo kọ sí gbangba báyìí?"

"Ṣọ́ọ̀kì ló kọ ọ́, Bàbá Ràṣídì. Àbí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Olùbẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi í sí kíláàsì kejì. Ọ̀rọ̀ kan péré la ní kó kà, ó gbé gbogbo agbo ilé wọnú rẹ̀ fún wa! Adùn iṣẹ́ yìí wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá tí wọ́n ní kí n padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọdé, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Nígbà tí wọ́n ń jáde nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé dọ́sítà láti nu pátákó. Ẹnì kan dá mi dúró. Làmídì ni, ó ń wo pátákó.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì nù ún. Ó ti pẹ́ tí a ti jọ wà. N ò mọ bí orúkọ mi ṣe ń rí lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo bá fìdí kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún mi ń kàn mí lágbọ̀n, mo dúró dè é.