Ọ̀gá Olórin Tó Ń Wá Ẹkún

Bí mo bá ti gbọ́ jìtá oníná, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wa ní Ayétòrò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bí a bá ń dánra wò, á ṣàdédé tẹ ọwọ́ lé okùn jìtá rẹ̀, gbogbo wa á sì dákẹ́. Á ní: "Lókè òkun, àwọn ọmọge ń dákú nídìí irú orin yìí. Tiyín ò tíì pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún!"

Ọdún tí ìjọba ti bodè pa ni ìyá ọmọbìnrin tó ń kọrin fún wa kú ní Pobẹ̀, lódìkejì bodè. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ fún ọ̀gá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà oko kọjá lọ sin ìyá mi."

"Kọrin tòní ná."

Lórí ìtàgé lálẹ́ ọjọ́ náà, kó tó la ẹnu, ọ̀gá kéde fún gbogbo èrò pé ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì ráyè lọ sin ín. Ọmọ náà ń fi ẹkún kọrin. Èrò náà bú sẹ́kún, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín. Bí orin ti parí, ọmọbìnrin náà gba ọ̀nà bodè lọ, a ò rí i mọ́.

Nígbà tí a tún péjọ, a rò pé ojú á máa ti ọ̀gá. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: "Ìyá ta ló tún kú nínú yín?"