Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Yín?

Ẹnu mi ló kó bá mi tí mo fi di tíṣà kíláàsì ẹ̀yìn. Níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Ajégúnlẹ̀ ni mo ti dìde, tí mo ní ìwà ọ̀lẹ ni kí a máa fi àwọn ọmọ kan jókòó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀ láìkọ́ wọn ní nǹkan kan. Ọ̀gá àgbà wa kò bá mi jà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, kí n lọ máa kọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti gbá yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún sínú rẹ̀, wọ́n sì fún mi ní ṣọ́ọ̀kì páálí kan. Inú bí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni. Àwọn márààrún ti tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí méjìdínlógún. Ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀kan a máa tún gbogbo ohun tí o bá sọ sọ, òmíràn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Lónìí, àwọn dókítà ń pè é ní ọ́tísìmù. Nígbà náà, a kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn aládùúgbò ní orí wọn ò pé, mo sì máa ń bá wọn fà á lórí ẹ̀. Ká sòótọ́, èmi náà ò mọ ohun tó ṣe wọ́n. Ìtọ́jú ilé ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: ìrẹsì sísè, aṣọ fífọ̀, aṣọ lílọ̀, bẹ́ẹ̀dì títẹ́. Ohun tí mo mọ̀ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Mo ní bí wọn ò bá lè ka ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ṣáà lè se ohun tí wọ́n máa jẹ.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ohun tí mo bá sọ gẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ṣe. Wọn kò ní fi kún un, wọn kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, mo sì sáré jáde lọ ra àkàrà. Ìgbà tí màá fi padà, ó ti lo omi inú dúrọ́ọ̀mù wa tán, ọwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ. Mi ò sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ gbogbo iṣẹ́ sára páálí, nọ́ńbà kìíní, nọ́ńbà kejì, pẹ̀lú àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń kàn wọ́n mọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn lórí gbogbo páálí ni "Ó ti tó." Àwọn olùkọ́ yòókù sọ ọ́ di orúkọ mi. Tí mo bá ń kọjá lọ, wọ́n á ní, "Ó Ti Tó, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ọ̀nà ìwakọ̀ padà nígbà náà ni, a kúrò lọ́wọ́ òsì, a bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo ya páálí tuntun fún títì sísọdá, mo kó àwọn ọmọ mi lọ sójú títì tó lọ sí Àpápá. Mo ṣàlàyé títí, mo fọwọ́ juwe, lẹ́yìn náà ni mo bọ́ sójú títì pẹ̀lú ojú mi lápá ibi tí mo ti ń wò láti kékeré. Ẹnì kan fa búláòsì mi sẹ́yìn. Lọ́rì tó kó àpò sìmẹ́ńtì kọjá níbi tí mo dúró sí. Ọmọbìnrin tó fà mí kò wo ojú mi. Ó nawọ́ sí páálí ọwọ́ mi, ó ní, "Nọ́ńbà kejì. Ẹ ò wo òsì."

Ọmọbìnrin yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó ga, bọ́tìnì ló sì máa ń wò lára èèyàn, kì í wo ojú. Kò sí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í ká. Ó ká ìnujú mi, ó ká bébà tí wọ́n fi wé àkàrà, ó ká etí gèlè mi nígbà tí mo tẹ̀ síwájú rẹ̀ láti wo ìwé rẹ̀. Tó bá gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé ṣẹ́ẹ̀tì, ó máa ń dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ṣẹ́ẹ̀tì náà jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń lọ aṣọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé, mi ò mọ̀ ọ́n lọ̀ tó o, mo sì jowú rẹ̀.

Àmọ́ kì í kí èèyàn. Ó máa wọlé láàárọ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, á lọ jókòó. Ọdún méjì ni mo fi retí "Ẹ káàárọ̀, mà" kan ṣoṣo. Ta ló máa gba ọmọ Yorùbá tí kò mọ èèyàn kí sí iṣẹ́, kódà kó máa lọ aṣọ bí áńgẹ́lì?

Bàbá rẹ̀, akọ̀wé ní Àpápá, tó tún jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní bó bá di òpin ọdún, òun máa mú un lọ sí ilé àdúrà kan nítòsí ìlú wọn, kó máa gbé ibẹ̀. Mo mọ irú ilé àdúrà bẹ́ẹ̀. Mo ti rí i níbi tí wọ́n fi ṣéènì so obìnrin kan mọ́ igi. Mo ti múra láti pariwo mọ́ bàbá náà, àmọ́ nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ ni, kì í ṣe ìkà. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló kù. "Tíṣà," ó ní, "tí mo bá kú, ta ló máa fún un lóúnjẹ? Tó bá lè ríṣẹ́ ṣe, mi ò ní mú un lọ." Ohun tó sọ náà nìyẹn, mi ò sì sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan.

Mo rin gbogbo Àpápá. Níkẹyìn, mo rí lọ́ńdìrì kan lẹ́yìn Wharf Road tó ń fọ aṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ìyá tó ni ín wo ṣẹ́ẹ̀tì méjì tí ọmọ mi lọ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó wá bi mí pé, "Ṣé ó mọ èèyàn kí?"

"Ó mọ̀ ọ́n dáadáa, mà," ni mo wí. Ọlọ́run dárí jì mí.

Ìyá náà ní òun fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti fi dán an wò. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó bẹ̀rẹ̀. Mo mú páálí, mo kọ ọ́ pé: "Ẹni tó bá jù ọ́ lọ, kúnlẹ̀ kí i." Ó kà á, ó wo bọ́tìnì mi, ó bi mí pé, "Báwo ni màá ṣe mọ̀?" Oòrùn ti mú, ebi ń pa mí, mo sì ti ṣàlàyé títí ẹnu ń ro mí. Mo ní, "Béèrè!"

Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò tíì tó aago mẹ́wàá tí wọ́n fi wá pè mí. Mo bá ilé iṣẹ́ náà ní rúdurùdu. Ọmọ mi ti béèrè. Ó ti bi ìyá tó ni lọ́ńdìrì léèrè pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni yín?" lójú àwọn oníbàárà. Ìyá náà sì ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ogójì ọdún ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí ogun abẹ́lé kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mẹ́séńjà kan wá gba aṣọ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lòun, ọmọ mi sì dúró gbagidi, ó ní òun ń retí kó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní mẹ́séńjà náà dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́.

Èyí tó bà á jẹ́ jù ni ti àwọn obìnrin méjì tó ń lọ aṣọ. Ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Àǹtí. Òun ló jókòó síbi fèrèsé tí atẹ́gùn ti ń wọlé, èkejì sì ti ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀ fún ọdún pípẹ́. Ọmọ mi bi àwọn méjèèjì léèrè, ó sì kéde èsì rẹ̀: ẹni tó ń kúnlẹ̀ fi ọdún méjì ju Àǹtí lọ.

"Mi ò gbà," obìnrin náà ń wí, ó ti gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Na me senior! Kó dìde níbi fèrèsé yẹn. Kó wá kúnlẹ̀ gbogbo èyí tí mo ti kúnlẹ̀ fún un padà fún mi."

Aṣọ kún tábìlì, ẹnikẹ́ni ò lọ̀ ọ́. Ìyá tó ni lọ́ńdìrì rí mi, ó ní, "Tíṣà, máa mú ọmọ ẹ lọ."

Mo wo igun yàrá. Ibẹ̀ ló wà, ó ń mi síwá sẹ́yìn, ó ń ká aṣọ ìnura kan, ó ká a títí kò fi ṣeé ká mọ́. "Mo béèrè," ó ń wí. "Ẹ ní kí n béèrè." Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ilé àdúrà nìkan ni mo ń rò, àti ṣéènì yẹn. Èmi ni mo kọ òfin, òun ló pa á mọ́, òun náà ni wọ́n sì fẹ́ lé.

Mo ti ń bẹ̀bẹ̀, etí ìyá náà ò sí lọ́dọ̀ mi. Àwọn méjì tó ń jà ló dojú kọ. "Ẹ dákẹ́ jàre," ó ní. "Ìyáálé mi nílé, ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ṣé mi ò kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ yìí ni? Òun ni mo bá nílé ọkọ, ó parí."

Mo gbá orí ara mi. Gbogbo ilé Yorùbá ló mọ èyí, èmi tí mò ń kọ́ni ni mi ò rántí. Mo bẹ ìyá náà fún páálí kan, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo kọ òfin mìíràn. Nọ́ńbà kìíní: Ẹni tí o bá bá níbi iṣẹ́, àgbà rẹ ni. Nọ́ńbà kejì: Kúnlẹ̀ kí i lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀. Nọ́ńbà kẹta: Oníbàárà ni àgbà gbogbo wa. Nọ́ńbà kẹrin: Má bi ẹnikẹ́ni léèrè ọjọ́ orí. Ó ti tó.

Ọmọ mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé aṣọ ìnura sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ fún ìyá tó ni lọ́ńdìrì, fún Àǹtí, lẹ́yìn náà fún obìnrin kejì. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, mà." Àǹtí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èkejì gbé àga rẹ̀ wá síbi fèrèsé, kí àwọn jọ máa gba atẹ́gùn. Ìyá náà wò mí, ó ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo sọ. Jẹ́ kó ṣe é."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé mi lọ. Kò wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń to ṣẹ́ẹ̀tì funfun lérí ara wọn, kọ́là sórí kọ́là, ó wá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó pẹ́ tó ti ń nù ún. Ó ní òun ò ní rìnrìn àjò lọ́dún yẹn mọ́. Mo sunkún nígbà tí mo délé, mo sì sunkún dáadáa.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá tó ni lọ́ńdìrì ní kí n mú ẹlòmíràn wá. Mo mú ọmọkùnrin tó fọwọ́ títí omi fi tán yẹn wá. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ló yẹ ẹ́. Èmi náà so épírọ̀ọ̀nù mọ́dìí, kí n lè bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin náà ka páálí ara ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin mi gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró síwájú mi, ó wo bọ́tìnì mi. Mo rò pé ọjọ́ tí mo ti ń retí ti dé, mo na ẹ̀yìn mi, mo ń dúró dè é kó kúnlẹ̀. Òun náà ń dúró. Ó nawọ́ sí ara ògiri.

"Nọ́ńbà kìíní," ó ní. "Èmi ni ẹ bá níbí."

Mo ka ohun tí èmi fúnra mi kọ. Mo sì fi orúnkún mi méjèèjì kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ni mo wí.

"Ó ti tó," ó ní. "Ẹ dìde." Ó gbé áyọ́ọ̀nù kan fún mi.