Ilé Tí Àbẹ̀kẹ́ Kọ́kọ́ Jókòó Sí Kó Tó Rà Á

Haà! Àbẹ̀kẹ́, ṣé pé ó ti wá dìgbà báyìí? Ṣé pé bí mo bá pè ọ́ láti pálọ̀, n kò ní gbọ́ "Mò ń bọ̀, Bàbá Tóyìn" láti ilé ìdáná mọ́? Àárọ̀ yìí pàápàá, mo pè ọ́. Ẹnu mi kò tíì gbà pé o ti lọ. Ìyàwó mi, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tí ojú rẹ̀ kì í fà ro fún àlejò, tíṣà tí àwọn ọmọ tó kọ́ ní àdúgbò Ṣàngó, tí wọ́n ti di bàbá ọmọ, ṣì ń dọ̀bálẹ̀ kí láàárín títì, ikú ṣe mí ní ohun tí n kò rí ẹni fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn ọmọ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ìsìnkú yìí. Wọ́n ní kí n dárúkọ àwọn ilé ìwé tó o ti ṣiṣẹ́ àti oyè tó o jẹ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyẹn wà ní ojú ewé mìíràn, Tóyìn àkọ́bí wa ti kọ ọ́, ó sì dára ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni èmi fẹ́ bá ọ sọ. Ilé tó o rà fẹ́ dá èmi àti àwọn ọmọ rẹ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tó o lọ, ó sì yẹ kó o gbọ́ ibi tó já sí.

Ilé tí a háyà ní Adéwọlé, nílùú Ìlọrin, ni a ti tọ́ Tóyìn àti àbúrò rẹ̀ dàgbà. Ọjà kò jìnnà, ọ́fíìsì mi kò jìnnà, iná ń wá nígbà tó bá wù ú. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwọ lo ò yé sọ pé o fẹ́ darúgbó sínú ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè ní kó o kó jáde nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan o lọ bá tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe ìkómọ ní ìletò kan lẹ́yìn Òkè-Oyi, o sì padà wálé, ojú rẹ ń dán. O ní o ti rí ilé. Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, oko nìyẹn. Ta ló máa lọ bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?" O ní, "Ẹ̀yin ni. Ṣebí rédíò lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ níbí." Mo pa rédíò, mo sì bá ọ lọ wò ó.

Bí gbogbo èèyàn ṣe ń ra ilé ni a kọ́kọ́ ṣe. A mú bírìkìlà lọ yẹ ògiri wò, a mú lọ́yà lọ wo ìwé. Nígbà tí ajẹ́ńtì wá rò pé ó ku ká sanwó, o ní rárá, ó ku ohun kan. O gbé àpótí tó o máa ń jókòó lé bó o bá ń ṣa ẹ̀wà, o bu ìrẹsì sínú kúlà, o ní kí ajẹ́ńtì ṣí géètì fún wa, o sì jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ilé onílé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ajẹ́ńtì fà mí sí kọ̀rọ̀, ó bi mí bóyá ara rẹ le. Ojú tì mí débi pé mo lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà bíi pé n kò mọ̀ ọ́ rí.

O ní, "Bàbá Tóyìn, ilé tí a ò tíì jókòó sí, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé a lè gbé e? Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí oòrùn ń gbà. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó máa kí wa."

Wọ́n kí wa. Ìyá Sàlámátù ló kọ́kọ́ dé, ìyá arúgbó láti ìdílé Alájì tó kọ́ ilé náà, ó gbé omi tútù dání. "Ẹ kú ìjókòó o. Wọláyì, ẹ ò lè jókòó sí kọ́ńpáùn wa kí ọ̀fun yín ó gbẹ." Àwọn ọmọdé dé, wọ́n ń yọjú lẹ́yìn ògiri. Ọkùnrin kan tó ń ti oko bọ̀ gbé iṣu méjì kalẹ̀ níwájú rẹ, kò tilẹ̀ bi ọ́ pé ta ni ọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, o ti mọ orúkọ ìdajì ìletò.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ ni Ìyá Sàlámátù na ọwọ́ sí igi irú ńlá tó wà ní ẹ̀yìnkùlé náà. Ó ní, "Tíṣà, ká má tan ara wa. Ilé là ń tà, a ò ta igi. Látayé bàbá ọkọ mi la ti ń ká irú nídìí ẹ̀. Bó bá ti so, a ó máa wọlé wá ká a." Inú bí mi. Mo ní irú òwò wo nìyí, kí n ra ilé tán kí ẹlòmíràn tún máa gba ẹ̀yìn mi wọlé? Ìwọ rẹ́rìn-ín. O ní, "Kí wọ́n máa bọ̀. Bó bá ti jẹ́ pé wọ́n ní nǹkan tí wọ́n ń wá mú lọ́dọ̀ wa, ilé wa ò ní dá páropáro." Ohun tí ẹlòmíràn ìbá torí ẹ̀ sá, òun gan-an ló mú ọ ra ilé náà.

Bí a ṣe di ará oko nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, o ti wà ní oríta pẹ̀lú àwọn yòókù tó ń lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin: nọ́ọ̀sì, wẹ́dà, akọ̀wé, àti àwọn tíṣà bíi tìrẹ, gbogbo yín nínú bọ́ọ̀sì tí Ràsákì ń wà. Kálukú ló ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀yìn dírẹ́bà, létí fèrèsé, ni tìrẹ. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ mi ò ju kí n dúró ní oríta náà ní ìrọ̀lẹ́ láti gba báàgì rẹ lọ. Báàgì wo ni ìyẹn! Oògùn ojú Ìyá Sàlámátù, bátìrì tọ́ọ̀ṣì ẹnì kan, ìwé kíkà ọmọ ẹlòmíràn, gbogbo ìletò ló ń rán ọ níṣẹ́ sígboro. Bó o bá ti sọ̀ kalẹ̀, wàá mí kanlẹ̀, wàá ní, "Bàbá Tóyìn, ẹ kú ilé. Mo ti dé ibi tí mo ń lọ." Ojoojúmọ́ lo ń sọ ọ́. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó máa wá ọ̀rọ̀ yẹn tì.

Oríta yẹn náà lo ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan. O ní orí ń fọ́ ọ láti òru, mo ní kó o má lọ, o ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ní ìdánwò. Wọ́n sáré wá pè mí. Kí n tó débẹ̀, gbogbo èrò bọ́ọ̀sì Ràsákì ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lè rí àyè tẹ́ ọ sí. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn wọn, àwọn kan ń ṣàdúà, àwọn kan ń ké Jésù, kò sì sẹ́ni tó lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbé orí rẹ lé itan mi. O di ọwọ́ mi mú. A kò tíì dé ọsibítù tí ọwọ́ náà fi dẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́, oró náà pọ̀ jù fún mi.

Tóyìn ni ẹnu rẹ̀ kọ́kọ́ gbà á sọ. Ó ní, "Dádì, ká ní Adéwọlé la ṣì wà ni, wọn ì bá tètè gbé Mọ́mì dé ọsibítù." Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ọ ṣánlẹ̀, pé bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹnu ọ̀nà ọsibítù lo ti ṣubú, kò dájú pé wọn ì bá rí ọ gbà là. Ta ló lè fi ìyẹn rẹ ọmọ tó pàdánù ìyá lẹ́kún? N kò bá a wí. Èmi náà ti dúró níwájú ògiri ilé yìí, mo ti bi í pé ṣé òun ló pa ìyàwó mi. Àwọn ọmọ ní ká gbé ọ lọ sin sí Ọ̀mù-Àrán, ká ta ilé, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ Tóyìn. Mo ní ó dáa. Kò sí agbára nínú mi láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ẹni tó fẹ́ rà á ti wá wò ó, ó sì ti sọ pé òun máa gé igi ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ tí Tóyìn wá bá mi di ẹrù ni mo rí àpótí rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. N kò mọ ohun tó mú mi gbé e. Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, sí ibi tó o jókòó sí lọ́jọ́sí, mo sì jókòó. Ìyá Sàlámátù dé, ó gbé omi tútù dání. "Ẹ kú ìjókòó, Bàbá Tóyìn." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wòkè, mo rí i pé irú ti gbó, ó ti gbẹ lórí igi, ẹnikẹ́ni kò sì wá ká a. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Háà! Kí onílé máa sunkún, ká máa ju igi lókè? Bí Ọlọ́hun bá ti jẹ́ kí ẹ sin ín tán, a ó wá ká a." Àwọn ọmọ tó o ń kọ́ níwèé nírọ̀lẹ́ dé. Ọkùnrin oníṣu dé. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, bọ́ọ̀sì Ràsákì dúró níta, gbogbo èrò inú rẹ̀ sì wọlé wá kí mi kí wọ́n tó lọ sílé wọn. Ràsákì ní àyè rẹ ṣì wà létí fèrèsé, pé bí àlejò bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, àwọn èrò ló ń sọ fún un pé Tíṣà ló ni ín.

Tóyìn dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo gbogbo rẹ̀ láti àárọ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó wá jókòó tì mí, ó gbé orí lé orúnkún mi bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé, ó sì sunkún títí. Ó ní, "Dádì, ibí ni kí ẹ jẹ́ ká fi Mọ́mì sí. Bó bá wà níbí, kò sẹ́ni tó máa lè ta ilé yìí." Òun fúnra rẹ̀ ló fóònù ẹni tó fẹ́ ra ilé pé a ò tà á mọ́.

Ìyá Sàlámátù ló mú wa lọ síbi tí ilẹ̀ ti dára lábẹ́ igi náà. Ó ní, "Igi ò sí lára ohun tí a tà fún Tíṣà. Àmọ́ òjìji rẹ̀, a fún un."

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́ mi, ibẹ̀ ni a ó tẹ́ ọ sí lónìí. Bí a bá ti parí, wọn yóò wọlé wá ká irú wọn, ẹsẹ̀ wọn yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ létí rẹ, bí yóò sì ṣe máa rí lọ́dọọdún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè lé wọn, nítorí igi kì í ṣe tiwa. Èmi yóò wà níbí. Àpótí rẹ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, èmi ni n ó máa jókòó lé e. Ilé náà kò dùn mọ́, n kò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n kò dá páropáro.

Ẹ kú ilé, ìyàwó mi. O ti dé ibi tí ò ń lọ. O ti jókòó tó. Dùbúlẹ̀ wàyí nínú ilé tó o rà, kó o sì sùn re o.