Bí Ẹ̀rọ Yóò Ṣe Bọ́ Ara Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀rùn

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó mi lò kẹ́yìn láyé, ọsàn ló ń bó nídìí iṣẹ́ gàrí wa ní Ọjà-Ọ̀dàn nígbà tí ọlọ́jà kan gbé ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tuntun wá. Gbogbo owó tí a tù jọ ni yóò gbà.

“Màmá, ọdún méjì ló máa fi dá owó yín padà.”

“Ṣé o ro ti ẹ̀ẹ̀rùn mọ́ ọn, tí ilẹ̀ le, tí ẹ̀gẹ́ ò ṣeé hú? Ẹ̀rọ tí kò lè bọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, àlejò ni. Lọ tún un ṣírò.”

Bí ìyàwó mi kò bá ra ọjà, omi tútù ló fi ń tu ọlọ́jà nínú.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ọlọ́jà náà padà wá. N kò lè jókòó. Mò ń yí ẹ̀rọ náà po. Mo yọ oṣù ẹ̀ẹ̀rùn kúrò nínú ìṣirò rẹ̀: kí owó wa tó padà, ẹ̀rọ á ti gbó.

Mo bu omi fún un, mo ní kó máa gbé e lọ.