Mọ́tò Làsísì Tó Ń Gbọ̀n

Láti ìgbà tí Làsísì ti fẹ̀yìn tì níléeṣẹ́ kan n'Íkẹjà, mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ ló fi ń kó búrẹ́dì lọ sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, á sì kú. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ní àfi kó ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Owó ẹ́ńjìnnì sì ju ti mọ́tò fúnra rẹ̀ lọ. Kó tó tà á, kó sì jókòó sílé, ó gbé e lọ bá Ìbílọlá, obìnrin mẹkáníìkì tó wà l'Óko Ọba.

Ìbílọlá ní kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ó wá ń rọra kán omi ọṣẹ sára àwọn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí omi ṣe kan ọ̀kan báyìí, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà.

"Ibí ló ti ya, tó ń fa afẹ́fẹ́. Bàbá, kí lẹ fi ń fọ ẹ́ńjìnnì?"

"Kẹrosíìnì ni, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Ṣé o ò rí bó ṣe ń dán ni?"

"Ó ń dán lóòótọ́, ẹ lè fi wo ojú yín. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ rọ́bà yín. Sítóòfù ló ni kẹrosíìnì, Bàbá!"

Rọ́bà tuntun wọlé, ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Làsísì pe ilé búrẹ́dì lórí fóònù:

"Ẹ má gbé ẹrù mi fún ẹlòmíì o. Mo ti ń bọ̀."