Kòtò Méjì Tí A Jà Fún ní Múṣin

Ó ku ọdún díẹ̀ kí òmìnira dé nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Múṣin kò tíì di Èkó nígbà náà. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn la wà, oko ẹ̀gẹ́ sì wà láàárín ilé kan sí èkejì. Odò kékeré kan ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lọ sí apá Ládìpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ibẹ̀ báyìí lè rò pé irọ́ ni mo ń pa, ṣùgbọ́n mo ti mu omi odò náà rí, mo sì wà láàyè láti kọ èyí.

Etí odò náà ni àwọn alágbàfọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n tó obìnrin méjìlá, oníkálukú ló sì ní òkúta tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ jókòó lé. Ìyá Àlímọ̀ ni olórí wọn. Opó ni, ìlú Ọ̀yọ́ ló ti wá, ọmọ mẹ́rin ló sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ funfun ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pọ̀ jù, nítorí kò sí ọkùnrin Múṣin tí kò fẹ́ wọ funfun lọ kí Jímọ̀. Aṣọ á wá kún orí koríko bí ìgbà tí lékeléke bà sílẹ̀. Bí mo bá rántí àwọn ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ wọ̀nyẹn, ọkàn mi a máa fà sí wọn lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé fún àwọn ọmọ mi, tí wọ́n gbà pé inú ẹ̀rọ ni aṣọ ti ń mọ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń rẹ aṣọ wá fìdí kalẹ̀ sí apá òkè odò. Èmi náà ríṣẹ́ níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé ni, pẹ̀lú oyè kan, kóòtù kan, àti ìgbàgbọ́ pé Áfíríkà ń dúró dè mí. Áfíríkà kò mọ̀ pé mo ti dé. Ilé-iṣẹ́ ní kí n máa ka igàn aṣọ nínú sítọ̀. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi mú mi ní akọ̀wé, nítorí èmi nìkan ló lè kọ lẹ́tà tí òyìnbó á kà tí orí á fọ́ ọ.

Omi tí wọ́n bá fi rẹ aṣọ tán, inú odò ni wọ́n ń dà á sí bó ṣe rí. Lọ́jọ́ Ajé, odò á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ màlúù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó lè di búlúù. A kì í béèrè irú aṣọ tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe. Odò la ń wò. Ó wá di Jímọ̀ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọ agbádá rẹ̀ dé mọ́ṣáláṣí, kò mọ̀ pé ìdí rẹ̀ ti pọ́n yòò. Àwọn tó tò ní sàfù lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ìrun kí dáadáa. Láti mọ́ṣáláṣí ló ti kọrí sí etí odò.

"Ìyá Àlímọ̀, ṣé aró ni mo ní kí ẹ bá mi rẹ ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Odò ló rẹ ẹ́. Èmi fọ̀ ọ́ ni."

Bàbá náà kò padà wá mọ́. Àwọn ẹlòmíràn náà kò padà wá. Gbogbo wa mọ̀ pé bó bá ń lọ báyìí, òkúta tí obìnrin yìí jókòó lé yóò di òkúta lásán.

A lọ fẹjọ́ sun wolé-wolé. Ó wá pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀ àti ìwé rẹ̀. Ó wo odò, ó wo ilé-iṣẹ́, ó wá yọjú wo inú àmù Ìyá Àlímọ̀, ó rí tanwíjí méjì. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù.

"Ọ̀gá wolé-wolé," ni Ìyá Àlímọ̀ wí, "odò tó pọ́n yìí ńkọ́?"

"Màmá, mi ò rí tanwíjí kankan nínú ìyẹn."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí tanwíjí tí ẹ̀mí rẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ̀gbọ́n Làmídì ni wọ́n fi ṣọ́ ilẹ̀kùn gọ́tà ilé-iṣẹ́ náà, pátákó ńlá kan tí yóò fà sókè kí omi aró tó lè rọ́nà jáde sí odò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, aláró sì ni ìyá tó bí i. Kò kàwé rárá. Ní ìpàdé ẹgbẹ́, ibi tí èmi ti ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti ìgbà àwọn ará Róòmù, ó na ọwọ́ sókè.

"Ìyá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ rẹ aṣọ, kò da omi aró sódò lọ́jọ́ kan. Inú kòtò ló ń dà á sí. Omi á sùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á lọ sísàlẹ̀. A ó kó eérú tí a fi ṣe aró láti inú rẹ̀, a ó mọ ọ́n ní ìṣù, a ó tún un sun, a ó tún fi ṣe aró mìíràn. Aláró tó bá da omi sódò, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lé e lágbo."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí òyìnbó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá yín ni?"

"Ìyá mi ti kú. Èmi ni màá kọ́ ọ."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá létí. A fẹnu kò pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ́ kòtò tí omi yóò ti kọ́kọ́ mọ́ kí ó tó dé odò. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta. Mo fi èdè Látìn ṣe ìkẹta lọ́ṣọ̀ọ́. Èsì tí a rí gbà ni pé lẹ́tà wa ti dé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, a tú omi inú gbogbo àgbá aró sílẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe, a sì jáde lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ̀gbọ́n Làmídì jókòó sórí pátákó gọ́tà, ó tan sìgá. Omi dé ìdí pátákó, kò rọ́nà, ó yí padà. Ó gba yàrá àgbá kọjá, ó gba sítọ̀ mi kọjá, ó wọ ọ́fíìsì máníjà láìkan ilẹ̀kùn. Máníjà wa, òyìnbó kan, fẹ́ràn ìbọ̀sẹ̀ funfun tó dé orúnkún. Nígbà tó jáde sí wa, ìbọ̀sẹ̀ náà ti pọ́n dé ìdajì.

"Làmídì! Fà á sókè!"

"Ọ̀gá, ó wúwo lónìí."

"Kò wúwo lánàá!"

"Lánàá, odò ló ń bá wa gbé e. Ó ti rẹ odò, sà."

Wọ́n pe ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá dé, wọ́n wo ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá, wọ́n sì yára wo ojú ọ̀run kí ẹ̀rín má baà já mọ́ wọn lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi daṣẹ́ sílẹ̀, tí a jókòó síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá Àlímọ̀ kó àwọn alágbàfọ̀ wá, wọ́n sì sá gbogbo aṣọ funfun tí odò ti bà jẹ́ sórí ọgbà ilé-iṣẹ́ yíká. Ẹni tó ń kọjá kò nílò kí a ṣàlàyé fún un. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ nínú lẹ́tà mẹ́ta kò tó ṣòkòtò kan ṣoṣo tó rọ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ keje, máníjà ránṣẹ́ pé òun á fi díẹ̀ kún owó oṣù wa bí a bá lè gbàgbé ọ̀rọ̀ odò. Mo ní kí ẹni tó bá gbà nínú àwọn ènìyàn wa na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ bíi mélòó kan gòkè. N kò bú wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n Làmídì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gbà á," ó ní. "Ẹ fi ra aṣọ funfun."

Àwọn ọwọ́ náà sọ̀kalẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá, máníjà gbà. Ó ní kí a kọ ohun tí a fẹ́, òun á fọwọ́ sí i. Mo jókòó sábẹ́ máńgòrò pẹ̀lú bébà àti gègé, Ẹ̀gbọ́n Làmídì sì wá lóṣòó tì mí.

"Akọ̀wé, kọ ọ́ síbẹ̀ pé omi gbọ́dọ̀ sùn. Ọ̀sán kan, òru kan, kó tó jáde."

"Ẹ̀gbọ́n, omi kì í sùn nínú ìwé àdéhùn."

"Níbo ló wá ń sùn?"

"Mo ti kọ kòtò méjì. Mo kọ gígùn wọn, mo kọ ìbú wọn, mo kọ símẹ́ńtì, mo kọ ẹfun tí wọ́n á máa dà sí i kí aró lè lọ sísàlẹ̀. Ó ti tó."

"Kòtò kọ́ ló ń fọ omi, Akọ̀wé. Ìdúró ló ń fọ̀ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n èmi ní oyè, mo rò pé mo ti bọ́ lọ́wọ́ ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n. Kí n má parọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé bí òyìnbó bá ka ibi tí omi ti ń sùn, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. N kò kọ ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Máníjà ka ìwé mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ sí i. Mo rò pé gẹ̀ẹ́sì mi ló wù ú.

Wọ́n gbẹ́ kòtò náà. Ẹ wò ó, mo ti rí Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà náà, n kò tíì rí ohun tó wù mí bíi kòtò méjì yẹn. Omi á wọ kòtò kìíní pẹ̀lú gbogbo àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Làmídì á da ẹfun sí i, á fi igi gígùn rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ, á sì fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, á jẹ́ kí èyí tó tòrò lókè rọra ṣàn bọ́ sí kòtò kejì. Nígbà tó bá fi dé odò, kò ju omi tí a fi ṣan ife tíì lọ. Ọdún kan àti ààbọ̀ ni a fi rí èyí. Ẹja wẹ́wẹ́ padà sínú odò. Àwọn oníbàárà padà, pẹ̀lú bàbá tí agbádá rẹ̀ pọ́n nídìí. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ láìní ohun tí mo ń wá, kí n kàn lè rí aṣọ lórí koríko. Ìyá Àlímọ̀ á ní:

"Akọ̀wé, pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà, o ò mọ̀ pé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ dọ̀tí? Bọ́ ọ síbẹ̀, jàre."

Ilé-iṣẹ́ wá ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ tó ń rẹ aṣọ ní ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Omi di ìlọ́po mẹ́ta, kòtò kò kúrò ní méjì. Bí omi bá ṣe ń wọlé ló ń jáde. Kò rí àyè jókòó, ká má tíì sọ pé kó sùn. Odò tún pọ́n. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n Làmídì lọ bá máníjà. Ó ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó mú ìwé mi jáde.

"Kòtò méjì lẹ béèrè. Ṣé ẹ fẹ́ lọ kà wọ́n ni?"

"Ọ̀gá, omi náà kò dúró nínú wọn mọ́."

"Fi ibi tí o ti kọ ọ́ pé kó dúró hàn mí."

Mo ka ìwé ara mi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dára gan-an. Ẹ̀gbọ́n Làmídì gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó rọra ká a, ó dá a padà fún máníjà. Ìbá sàn kó bú mi.

A tún daṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ pátákó gọ́tà kúrò, wọ́n ti fi ẹ̀rọ tó ń fa omi sí ipò rẹ̀, inú ọ́fíìsì máníjà ni wọ́n sì ti ń tàn án. Kò sí ohun tí ènìyàn lè jókòó lé mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta péré, wọ́n gba àwọn ẹlòmíràn wọlé. Wọ́n ní iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n Làmídì ti tán, ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí Ìyá Àlímọ̀ kó lọ sí Sábó, láti máa du omi ẹ̀rọ ìjọba pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Èmi ni mo bá a gbé ọpọ́n ìfọṣọ rẹ̀ dé ìdí lọ́rì.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀, Akọ̀wé. Ẹ jà."

"Màmá, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún yín. Nínú ìwé tí mo kọ..."

"Mo ti gbọ́. Làmídì sọ fún mi kó tó lọ. Ó ní kí n má bi ọ́. Ó ní ọmọdé ni ọ́, pé wàá kọ ọ́ dáadáa nígbà mìíràn."

Kò sí ìgbà mìíràn. Lọ́rì gbéra.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa bi mí bóyá a ṣẹ́gun. A fi hàn pé omi aró lè mọ́ kó tó wọ odò, àwọn tí wọ́n sì ní kò ṣeé ṣe ti rí i pẹ̀lú ojú ara wọn fún ọdún kan àti ààbọ̀. Àwọn tí ebi ń pa sọ ọwọ́ wọn kalẹ̀ nítorí odò. Ẹnikẹ́ni kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. A pàdánù odò. Ìyẹn la pàdánù, n kò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ sí etí odò náà. Ọkùnrin kan tó ń ta páàtì mọ́tò létí ibẹ̀ rí i pé ó ti ń rẹ̀ mí, ó fún mi ní àpótí jókòó. Mo bi í bóyá ó mọ orúkọ odò náà.

"Odò kọ́, Bàbá. Gọ́tà ni. Ìjọba ló gbẹ́ ẹ."

Oníbàárà kò wá lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ tí n kò kọ sínú ìwé àdéhùn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó wo gọ́tà, ó wò mí.

"Kí ló wá dé, Bàbá, tí ẹ ò fi kọ ọ́?"

Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ẹ̀rín òyìnbó ló bà mí.