Ohùn Tí Kò Dé Ọ̀fà Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi àgbà, ibẹ̀ ni mo ti máa ń jẹun àárọ̀ kí n tó lọ sí iléèwé. Télọ̀ ni bàbá àgbà, ẹnu ilé wa ní Ọ̀fà ni ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà. Rọpárọsẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ wọn kan, nítorí náà àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń tẹ ẹ̀rọ, bàbá fúnra wọn á jókòó máa gé aṣọ. Wọn kò lè rìn kọjá ẹnu ọ̀nà. Rédíò ló ń gbé ìlú wá bá wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọdé lónìí, inú fóònù lẹ ti ń yan orin tó bá wù yín, ó sì lè ṣòro fún yín láti mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà yẹn, kì í ṣe àwa la ń yan orin. Ẹnì kan ló ń yàn án fún wa, a sì gbà pé ó mọ̀ wá.

Ẹni náà ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣe ètò orin àtijọ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kékeré kan nílùú wa. Àpàlà, sákárà àti dàdàkúàdà ló máa ń gbé sórí afẹ́fẹ́ fún wákàtí kan láràárọ̀. Nínú gbogbo ìkànnì tí rédíò wa lè gbé, mi ò rántí òmíràn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí orin kan bá parí, á gba ìpè àwọn olùgbọ́, á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó. Bàbá àgbà kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ láì pè é.

“Alhaji télọ̀!” ni yóò pariwo. “Ẹsẹ̀ ńkọ́ lónìí?”

“Ẹsẹ̀ wà níbi tí mo fi í sí lánàá,” ni bàbá àgbà máa ń dá a lóhùn.

Àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì, tí rédíò tiwọn náà wà lọ́wọ́, á yíjú sí ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Alhaja tó ń ta búrẹ́dì ní òdìkejì títì kì í jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

“Alhaji, ẹ ò tíì kí ìyàwó yín láàárọ̀ yìí, ọkùnrin inú rédíò lẹ kọ́kọ́ kí.”

“Ìyàwó mi ò béèrè ẹsẹ̀ mi.”

Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mò ń sọ fún yín. Èyí tí wọ́n bá sọ fún mi, màá sọ pé wọ́n sọ ọ́ fún mi ni.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ yìí máa ń wá kí bàbá àgbà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Aṣọ ọdún rẹ̀, bàbá àgbà ló ń rán an. Ní Jímọ̀ kan, ó dé, kò lè jókòó dáadáa. Ó ní ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ wọn fẹ́ yọ orin àtijọ́ kúrò, kó fi orin ìwòyí rọ́pò rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ pólì ni àwọn tó ń polówó ọjà ń wá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀gá náà tó ṣe é, àwọn oníwàádìí á lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á béèrè ìkànnì tí olúkúlùkù ń gbọ́ àti ìgbà tó ń gbọ́ ọ. Bí iye olùgbọ́ ètò àárọ̀ bá pọ̀, ètò náà á dúró.

“Baba, ọwọ́ yín ni mo wà o,” ló wí. “Tí wọ́n bá dé, ẹ má sọ pé wákàtí kan péré lẹ fi ń gbọ́ wa. Ẹ sọ pé àtàárọ̀ títí di alẹ́ ni.”

“Ṣé irọ́ kọ́ nìyẹn?” Alhaja béèrè.

“Alhaja, ṣé ẹ ò fẹ́ràn ètò wa ni?”

“Mo fẹ́ràn rẹ̀ kẹ̀.”

“Ìfẹ́ yẹn náà ni kí ẹ sọ fún wọn. Ẹ kàn bù díẹ̀ lé e.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà tilẹ̀ ṣe ju ohun tí ó bẹ̀ wọ́n lọ. Wọ́n pe àna wọn ní Òjòkú, níbi tó jẹ́ pé ariwo lásán ni ìkànnì náà ń ṣe, wọ́n ní kí òun náà sọ pé ó ń dún ketekete.

“A kì í gbọ́ ọ níbí rárá,” ni àna wọn wí.

“Mo mọ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ń gbọ́ ọ.”

“Tí wọ́n bá ní kí ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ ní àpàlà.”

Nígbà tí àwọn oníwàádìí dé àdúgbò wa, kò sí ilé tí kò jẹ́rìí sí ètò náà. Ilé tí rédíò wọn ti bàjẹ́ jẹ́rìí. Alhaja, tó kọ́kọ́ pè é ní irọ́, ló wá sọ pé bí òun bá tilẹ̀ sùn, rédíò òun kì í sùn. Kò pẹ́ sígbà náà tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kéde lórí afẹ́fẹ́ pé ètò àárọ̀ ló ní olùgbọ́ jù lọ ní ilé iṣẹ́ wọn. Bàbá àgbà rán bùbá àti ṣòkòtò fún un, wọ́n ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi òwú tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù ṣe iṣẹ́ ọrùn rẹ̀. Ó wá gbà á ní Jímọ̀, ó jẹun, ó dúpẹ́, ó ní ó dàárọ̀.

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, ohùn ọmọbìnrin kan la gbọ́. Orin tó gbé sí i, bàbá àgbà dín ohùn rédíò kù nítorí rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹni wa rin ìrìn àjò ni. Wọ́n pè é, kò gbé e. Wọ́n tún pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà kan tó wá rán ṣòkòtò ló là á yé wa: ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan ní Ìlọrin ti gbà á. Iye olùgbọ́ tí wọ́n kà ní Ọ̀fà ló fi hàn wọ́n tí wọ́n fi gbà á. Òṣìṣẹ́ náà ní sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa ti mọ̀ pé òun ń lọ kí ó tó wá gba aṣọ.

“Orin àtijọ́ ńkọ́?” bàbá àgbà béèrè.

“Ọ̀gá ní ọkùnrin yẹn lẹ ń gbọ́, kì í ṣe orin. Ó ní nígbà tó ti lọ, ta ló tún kù tí a fẹ́ máa gbé e fún?”

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn láti ìgbà tí mo ti jáde ní yunifásítì. Pé ó wá iṣẹ́ tó dára jù lọ sí Ìlọrin, mi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀. Bóyá ó ti ní in lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀, bóyá àwọn Ìlọrin ló wá a kàn lẹ́yìn tí iye yẹn jáde, n kò lè búra. Ohun tí n kò rí àlàyé fún ni Jímọ̀ yẹn. Ẹnu rẹ̀ kún fún ìrẹsì ilé wa, aṣọ wà lórí itan rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó sọ fún ẹni tó ń pè ní baba, kò sì sọ ọ́.

Bàbá àgbà wá ìkànnì Ìlọrin náà títí. Wọ́n á rọra máa yí rédíò, wọ́n á dẹtí sílẹ̀. Ṣùúùù ló ń ṣe. Nígbà mìíràn a máa ń gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹni tó wà nínú kànga, kí ìkànnì mìíràn tó gorí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ìlọrin náà kò lágbára tó láti dé ọ̀dọ̀ wa, àárọ̀ wa nínú ṣọ́ọ̀bù sì dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá àgbà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe àwàdà ẹsẹ̀ mọ́.

Ó pẹ́ kí fóònù tó dún. Òun ni. Bàbá àgbà yára tẹ ibi tí gbogbo wa á ti gbọ́ ohùn rẹ̀, ojú wọn ń dán. Ó kí wọn, ó béèrè ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn oníwàádìí ń bọ̀ wá sí Ọ̀fà, pé lọ́tẹ̀ yìí, tìtorí ilé iṣẹ́ tuntun òun ni.

“Baba mi, ẹ ṣáà bá mi sọ pé ó ń já geere lọ́dọ̀ yín.”

“Ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ni?”

“Kò tíì dé dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣe é. Ẹ ṣáà sọ pé ẹ ń gbọ́ ọ.”

“Bí a bá sọ pé a ti ń gbọ́ ọ, kí ni wọ́n á tún ṣe é fún?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Baba, àwàdà yín ò lè tán láé.” Ìpè náà já. Bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni, bóyá òun ló pa á, n kò mọ̀.

“Ó kúkú béèrè ẹsẹ̀, Alhaji,” ni Alhaja wí láti ìdí búrẹ́dì wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni oníwàádìí tó wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó béèrè bóyá bàbá àgbà ń gbọ́ ìkànnì Ìlọrin náà. Bàbá àgbà tan rédíò, wọ́n yí i síbẹ̀, wọ́n sì gbé e sáàárín àwọn méjèèjì.

“Jókòó, ọmọ mi, kí a jọ gbọ́ ọ.”

Ọmọkùnrin náà jókòó. Ṣùúùù. Ó wo rédíò, ó wo bàbá àgbà.

“Baba, ṣé kí n kọ pé kò dé ibí ni?”

“Kọ ohun tí o gbọ́.”

Ayé ti yàtọ̀ sí ti ìgbà yẹn. Ibi tí rédíò kò bá dé, fóònù á gbé e débẹ̀, ẹni tó wà ní Òjòkú lè gbọ́ Ìlọrin bí ẹni pé inú yàrá kan náà ni wọ́n wà. A kì í sábà rí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn láti béèrè ohun tí a ń gbọ́. Fóònù fúnra rẹ̀ ló ń kà wá, kò sì sí bí a ṣe lè bá ẹnikẹ́ni bù lé e. Mo rò pé èyí sàn fún ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́. Bóyá ó sàn fún àwọn olùgbọ́, n kò tíì lè sọ.

Ní àìpẹ́ yìí, mo rí ètò sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà lórí fóònù mi. Mo gbé e tọ bàbá àgbà lọ. Wọ́n ti darúgbó gan-an báyìí, ṣùgbọ́n kò gba àlàyé kí wọ́n tó mọ ohùn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ orin kan já, ìka wọn ń lu itan díẹ̀díẹ̀.

“Ṣé òun náà mọ̀ pé a ń gbọ́ òun?”

Mo ní kò mọ̀ pé bàbá àgbà ni, pé ohun tí fóònù máa sọ fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún kò ju pé ẹnì kan ń gbọ́ láti Ọ̀fà.

“Wọ́n á ti wá kà mí mọ́ olùgbọ́ rẹ̀ nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Baba.”

“Pa á,” ni bàbá àgbà wí. “Kí wọ́n yọ mí kúrò.”